Ìgbà tí Wọ́n Ń Pè Mí ní Oníjì

Mo rántí ìgbà tí gbogbo ilé wa ní Djidjolé, ní Lomé, ń pè mí ní Oníjì, tí mo sì ń jẹ́ orúkọ náà bí ẹni ń jẹ oyè. Bí òjò bá bá aṣọ lórí okùn, ẹnìkan á yọjú lójú fèrèsé, á kígbe pé, "Oníjì, kí la ṣe fún ẹ?" Bí ooru bá mú, wọ́n á ní kí n tú atẹ́gùn díẹ̀ sílẹ̀ fún àwọn, kí n má hawọ́. Èmi náà á ní kí wọ́n kọ́kọ́ wá bẹ̀ mí ná, gbogbo wa á sì rẹ́rìn-ín. Mo fẹ́ràn orúkọ yẹn ju èyí tí bàbá mi sọ mí lọ. Lónìí, bí mo bá gbọ́ ọ lẹ́nu ẹnikẹ́ni, orí mi a máa wá ilẹ̀ wò.

Èmi ni mo fa orúkọ náà sí ara mi lọ́rùn. Ẹnu ni àparò fi ń pe ọ̀rá. Nàìjíríà ni mo ti wá kàwé ní Lomé, ẹ̀kọ́ nípa ojú ọjọ́ ni mò ń kọ́, iṣẹ́ tí wọ́n sì gbé lé mi lọ́wọ́ ni àwọn ìjì ńlá orí òkun tí àwọn elédè Faransé ń pè ní siklóònù. A ó fi kọ̀ǹpútà ṣe àwòṣe òfurufú àti òkun, a ó fi ìṣirò tẹ̀ lé ìjì náà, a ó sì wo ibi tó ṣeé ṣe kó gbà àti bí agbára rẹ̀ yóò ṣe tó. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí mo wá gba yàrá, tí ìyá onílé bi mí pé iṣẹ́ wo ni mò ń ṣe, mi ò ní sùúrù àlàyé. Àlàájà ni ìyá náà. Àwọn òbí rẹ̀ ti Nàìjíríà wá kí wọ́n tó bí i sí Lomé, ó ń ta abọ́ oníke àti ike àlùwàlá lọ́jà Assiyéyé, Yorùbá rẹ̀ sì jinlẹ̀ ju tèmi lọ bó tilẹ̀ ń fi Faransé àti Mina, èdè ọjà Lomé, là á. Mo ní, "Mò ń ṣe ìjì lórí kọ̀ǹpútà ni, mà." Ó wò mí láti òkè délẹ̀. Ó ní, "O ń ṣe ìjì?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní, "Eh bien, má ṣe é sórí ilé mi o," ó sì fún mi ní kọ́kọ́rọ́. Kí ilẹ̀ tó ṣú, gbogbo ilé ti gbọ́ pé Oníjì ti dé.

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni ǹ bá fi tún un ṣe. Mo lè sọ pé mò ń ṣọ́ ìjì, tàbí pé mò ń wo ọ̀nà tó máa gbà. Ṣùgbọ́n ta ni í fẹ́ jẹ́ òǹwòran nígbà tí wọ́n ti fi í joyè ẹni tó ń ṣe nǹkan? Èmi tí mò ń fi gàrí bo àṣírí ara mi, tí ọ̀gá mi ní yunifásítì kò tíì lè pe orúkọ mi bó ṣe yẹ, èmi náà ni àwọn àgbà wá ń dúró dè láàárọ̀ kí wọ́n tó mọ̀ bóyá kí àwọn mú tapólì lọ sọ́jà. Ó dùn mọ́ mi, kí n má purọ́.

Iwájú ṣọ́ọ̀bù bàbá aránṣọ ni mo ti máa ń rojọ́ ìjì. Yàrá iwájú ilé wa tó kọjú sí títì ni bàbá náà gbà. Ọmọ Ifẹ̀ ni, kì í ṣe Ifẹ̀ ti Nàìjíríà, apá Atakpamé ló ti wá, èdè Ifẹ̀ tirẹ̀ àti Yorùbá tèmi sì jọra débi pé àwa méjèèjì máa ń rò pé a gbọ́ ara wa ju bí a ṣe gbọ́ lọ. Kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ á wà lórí ẹ̀rọ ìránṣọ, etí rẹ̀ á wà lọ́dọ̀ wa. Mo sọ fún wọn pé ọ̀pọ̀ nínú ìjì tó ń wó ilé ní òdì kejì òkun, ọ̀dọ̀ wa níbí ló ti ń bẹ̀rẹ̀: ìkúukùu á kóra jọ ní apá òkè lọ́hùn-ún, níbi tí ilẹ̀ ti ń di aṣálẹ̀, á máa rìn lọ síhà ìwọ̀ oòrùn, á kọjá Senegal, á bọ́ sórí omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́wọ́, omi yẹn ni yóò sì máa bọ́ ọ títí yóò fi di ìjì tó ní ojú láàárín. Mo sọ fún wọn pé a kì í ṣe ìṣirò náà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. A ó ṣe é lọ́pọ̀ ìgbà, a ó máa yí ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ padà díẹ̀díẹ̀, nítorí kò sẹ́ni tó mọ bí òfurufú ṣe rí gan-an níbi gbogbo. Ó dà bí kéèyàn béèrè ọ̀nà Adidogomé lọ́wọ́ gbogbo zémidjan, àwọn ọlọ́kadà, tó wà ní oríta kan: oníkálukú á na ọwọ́ tirẹ̀, ibi tí ọwọ́ bá pọ̀ sí jù lèèyàn máa gbà, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ fojú di ẹni tó nawọ́ síbòmíràn. Lórí fóònù mi, ọwọ́ wọ̀nyẹn ti di ìlà tín-ín-rín aláwọ̀ oríṣiríṣi tó kọjá lórí òkun. Bàbá aránṣọ tẹjú mọ́ wọn títí, ó ní, "Òwú yìí ta kókó o." Gbogbo èèyàn rẹ́rìn-ín, tèmi ló pariwo jù.

Lásìkò òjò kejì lọ́dún náà, ìjì kan gbéra lórí òkun tí kò jọ eré. Mo ti rí ìkúukùu rẹ̀ nígbà tó ń kọjá lókè wa, nígbà tí kò tíì ju òjò oníjàgídíjàgan kan lọ, mo sì ń fọ́nnu káàkiri pé ọmọ wa ni. Bí mo bá jí, òun ni mo ń kọ́kọ́ wò kí n tó fọ ẹnu. Bó ṣe ń tóbi ni inú mi ń dùn. Nígbà tí ojú rẹ̀ là kedere, tí ohun tí kọ̀ǹpútà wa wí sì bá ohun tí ẹ̀rọ ojú sánmà ń rí mu, ńṣe ni mò ń yan bí ẹni tí ọmọ rẹ̀ ṣe ipò kìíní nílé ìwé. Ìjì ní ojú. Èmi tí mò ń wò ó ni ojú kì í tì nígbà náà. Kò sọ sí mi lọ́kàn rárá pé ibi tí àwọn ìlà yẹn dé, yàrá wà níbẹ̀, ìkòkò wà lórí iná níbẹ̀.

Àlàájà ní ọmọbìnrin kan tó jẹ́ nọ́ọ̀sì ní erékùṣù kan lódì kejì òkun, níbi tí wọ́n ti ń sọ Faransé. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ ni. Orí erékùṣù yẹn ni èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn ìlà mi gbà kọjá. Ọmọ náà ti sọ fún ìyá rẹ̀ pé òun kò lè kúrò, pé ilé ìwòsàn ti pe gbogbo nọ́ọ̀sì padà síṣẹ́, wọn kò lè dá òun sílẹ̀ nírú àkókò bẹ́ẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, kí Àlàájà tó lọ sọ́jà, ó kan ilẹ̀kùn mi. Mo rò pé ọ̀rọ̀ omi ẹ̀rọ tó dá ló bá wá. Kí n tó kí i tán, ó ti kúnlẹ̀. Àgbàlagbà obìnrin, tó ju ìyá mi lọ lọ́jọ́ orí, ló kúnlẹ̀ sórí sìmẹ́ńtì níwájú èmi tí mo wọ ṣòkòtò péńpé. Ó ní, "Oníjì, ọmọ mi, mo bẹ̀ ẹ́. Bá mi yí i. Bá mi yí i kúrò lórí ọmọ mi."

Ọmọ tí wọ́n kọ́ ì bá ti dọ̀bálẹ̀ kí orúnkún Àlàájà tó kan ilẹ̀. Ì bá sọ pé, "Mà, mi ò lágbára kankan lórí ìjì, wíwò ni mò ń wò ó." Mo fà á dìde lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ohun tó jáde lẹ́nu mi ni ohun tí àwọn ọ̀gá máa ń sọ ní ọ́fíìsì bí èèyàn bá gbé ẹ̀bẹ̀ lọ bá wọn. Mo ní, "Ẹ fọkàn balẹ̀, mà. Màá wá nǹkan ṣe sí i." Ó fi ìbòrí nu ojú, ó ṣàdúrà fún mi títí dé orí àwọn ọmọ tí mi ò tíì bí, ó sì gba ọjà lọ. Mo padà sórí ibùsùn mi, mo sì ń rò ó pé èmi náà ti dèèyàn.

Lọ́jọ́ kejì, ìṣirò tuntun jáde, àwọn ìlà náà sì ti fà sí apá àríwá. Ìdí tó fi rí bẹ́ẹ̀ kò ṣòro: afẹ́fẹ́ òkè tó ń dí ìjì náà lọ́nà ti dẹwọ́. Ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ gbọ́ ti afẹ́fẹ́ òkè? Mo sáré bọ́ síwájú ilé, mò ń pariwo, "Ó ti yí! Ó ti yí!" Àlàájà gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, ó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, ó sì dì mọ́ mi. Láàárín ariwo yẹn ni bàbá aránṣọ dìde lórí àga rẹ̀, èyí tí kì í sábà ṣe, ó wá dúró tì mí. Léèsì aláwọ̀ ojú ọ̀run kan ló wà lórí ẹ̀rọ rẹ̀. Mo rántí rẹ̀ torí pé òwú rẹ̀ kan lẹ̀ mọ́ ìka tó fi tọ́ka sójú fóònù mi. Erékùṣù kékeré kan ló tọ́ka sí, tí kò fẹ́rẹ̀ẹ́ hàn lábẹ́ àwọn ìlà. Ó ní, "Ibí yìí ńkọ́?"

Mi ò wò ó dáadáa. Mo mọ̀ pé ibẹ̀ kéré, pé àwọn oníròyìn kì í sábà dárúkọ rẹ̀, pé bí ìjì bá gba ibẹ̀, nínú iṣẹ́ tiwa a ó sọ pé orí dára. Mo ní, "Ibẹ̀ yẹn? Kò sí nǹkan níbẹ̀, Bàbá."

Ó mí kanlẹ̀. Ó ní, "Merci, Oníjì," ó sì padà sídìí ẹ̀rọ rẹ̀. Mo rò pé ó kàn fẹ́ mọ̀ ni. Mo yí ẹ̀yìn padà sọ́dọ̀ àwọn tó ń yìn mí.

Ìjì náà kọjá. Òjò àti atẹ́gùn nìkan ló dé ọ̀dọ̀ ọmọ Àlàájà, ó fi àwòrán ọmọ tuntun ránṣẹ́, tí ọmọ náà ń sùn nínú bàsíà ìwẹ̀ rẹ̀. Ní ọjọ́ Jimọ̀ tó tẹ̀ lé e, Àlàájà ṣe sàráà. Ó dá mọ́sà, ó din àkàrà, ó pe àáfà àti àwọn ará ọjà rẹ̀, ó sì ní kí n wá jókòó lórí ẹní lẹ́gbẹ̀ẹ́ àáfà. Ó sọ ìtàn bí òun ṣe kan ilẹ̀kùn mi àti bí mo ṣe ní màá wá nǹkan ṣe sí i. Àáfà gbójú sókè, ó ní Ọlọ́run nìkan ló ń darí ẹ̀fúùfù, ó sì wò mí nígbà tó ń sọ ọ́. Àyè wà níbẹ̀ tí mo lè fi sọ òtítọ́. Mo tẹrí ba, irú ìrẹ̀lẹ̀ tí ẹni tí wọ́n ń yìn máa ń ṣe, mo sì mú mọ́sà mìíràn. Bàbá aránṣọ jókòó lẹ́nu ọ̀nà, òun náà pàtẹ́wọ́ fún mi. Bí wọ́n ti ń pàtẹ́wọ́ yẹn ni fóònù rẹ̀ dún nínú àpò, ó sì dìde bọ́ síta kó lè gbọ́ dáadáa.

Nígbà tó padà wọlé, kò bọ́ bàtà. Ó dúró níbi tí bàtà gbogbo wa wà. Ó fi Ifẹ̀ sọ ọ́, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, síbẹ̀ kò sẹ́ni tí kò gbọ́. "Oníjì, o ní kò sí nǹkan níbẹ̀."

Mo wò ó, mi ò mọ ohun tó ń sọ.

Ó ní, "Àna mi wà níbẹ̀."

Ìgbà náà la tó mọ̀ pé ọmọkùnrin rẹ̀, tó jẹ́ bíríkìlà, ti ṣiṣẹ́ dé erékùṣù kékeré yẹn, ó sì ti fẹ́ ọmọ ibẹ̀ kan. Bàbá kò tíì rí ìyàwó náà rí, kò rí ìyá rẹ̀ náà, kò lówó ọkọ̀ òfurufú tí yóò fi lọ tọrọ ọmọ lọ́wọ́ wọn bó ṣe yẹ kí àgbà ṣe. Nítorí náà ló ṣe ń rán léèsì aláwọ̀ ojú ọ̀run yẹn, fún ìyá ìyàwó, kí ojú má baà ti Bàbá pé kò lè lọ. Nígbà tí ìjì ń bọ̀, ìjọba ibẹ̀ ní kí gbogbo èèyàn kó lọ sí ilé ẹ̀kọ́ kan tó lágbára. Ìyá àgbà náà kọ̀, ó ní òun kò ní fi ilé òun sílẹ̀. Ọmọkùnrin náà pe Bàbá lórí fóònù pé kí làwọn máa ṣe. Bàbá wá bi mí léèrè, mo dá a lóhùn, ó sì sọ fún ọmọ rẹ̀ pé ẹnìkan wà nílé àwọn tó ń ṣe ìjì lórí kọ̀ǹpútà, òun ló ní kò sí nǹkan. Wọ́n fi ìyá sílẹ̀ nínú yàrá rẹ̀. Ògiri wó lù ú.

Kò sí nǹkan. Lẹ́nu tèmi, ohun tó túmọ̀ sí ni pé ibẹ̀ kò já mọ́ nǹkan kan. Létí Bàbá, ohun tó túmọ̀ sí ni pé kò séwu. Ọ̀rọ̀ kan náà ni, àwa méjèèjì sì rò pé a gbọ́ ara wa. Èyí tó burú nínú ìtumọ̀ méjèèjì ni tèmi. Àwọn àgbà ní bí a bá sọ òkò sọ́jà, ará ilé ẹni ní í bá. Èmi tilẹ̀ ṣe ju bẹ́ẹ̀ lọ, mo ní ọjà náà ṣófo kí n tó sọ òkò.

Ojú tì mí. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ kékeré ni, ṣùgbọ́n mi ò ní òmíràn. Mọ́sà wà lọ́wọ́ mi, mi ò lè jẹ ẹ́, mi ò sì mọ ibi tí mo lè gbé e sí. Àáfà yí àdúrà ọpẹ́ padà sí àdúrà òkú. Kò sẹ́ni tó bú mi. Wọ́n rọra ń dìde ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń wá bàtà wọn, wọ́n ń kí Bàbá, wọ́n sì ń gba ẹ̀gbẹ́ mi kọjá bí ìgbà téèyàn bá ń yẹra fún omi lẹ́nu ọ̀nà. Láti ọjọ́ yẹn, ẹnikẹ́ni kò pè mí ní Oníjì mọ́ nínú ilé náà. Òjò pa aṣọ lórí okùn, wọ́n ká a wọlé láìsọ nǹkan kan.

Mo lọ dọ̀bálẹ̀ fún Bàbá nínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, mo fi àyà lélẹ̀ láàárín àwọn àjákù aṣọ. Ó ní kí n dìde. Ó ní, "Èmi náà ò bi ẹ́ lẹ́ẹ̀kejì." Ká ní ó gbá mi létí ni, ǹ bá sùn lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Ó ń ru ẹrù tèmi mọ́ tirẹ̀, mi ò sì mọ bí mo ṣe lè gbà á kalẹ̀.

Ìtìjú Àlàájà kò kéré sí tèmi. Ó gbé oúnjẹ lọ fún Bàbá fún ìgbà pípẹ́, kì í jẹ́ kí ẹlòmíràn bá òun gbé e. Nígbà kan tí mò ń bá a kó ike jọ, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé pé mi ò lágbára lórí ìjì rí, pé mo yẹ kí n ti sọ fún un. Ó dá ọwọ́ dúró. Ó ní, "Ṣé o rò pé mi ò mọ̀ ni? Mo ti bímọ, mo ti sìnkú, mo mọ ẹni tó ni ẹ̀fúùfù. Ẹni tí mo lè kúnlẹ̀ fún tí yóò dá mi lóhùn ni mò ń wá lọ́jọ́ náà." Ó tún di ike rẹ̀ mú. Ó ní, "Mo sì ní kó yí. Mi ò béèrè ibi tó ń yí lọ." Ni a bá ń kó ike lọ.

Ó ti pẹ́ díẹ̀. Aflao-Gakli ni mò ń gbé báyìí, Lomé náà ni mo ti rí iṣẹ́, ìṣirò ìjì náà sì ni mò ń ṣe, lórí kọ̀ǹpútà tó yára ju ti àná lọ. Àwọn ìlà rẹ̀ dára sí i lóòótọ́, àṣìṣe wọn ń dínkù. Ṣùgbọ́n àwọn tí a jọ ń ṣiṣẹ́ mọ̀ mí sí oníjàǹgbọ̀n. Bí wọ́n bá kọ ọ́ pé ìjì kan kò ní kan ẹnikẹ́ni, màá bi wọ́n pé àwọn apẹja ńkọ́, àwọn ọkọ̀ ojú omi ńkọ́, ta ló ń gbé ní orí àpáta tó wà níbẹ̀ yẹn. Wọ́n á mí hẹ̀ẹ̀, wọ́n á lọ wò ó. Ìkíni gan-an ti dìṣòro fún mi. Bí ọmọ Yorùbá ẹlẹgbẹ́ mi bá ní, "Ṣé kò sí?" ẹnu mi kì í gbà láti dáhùn pé kò sí. Màá ní, "A dúpẹ́," wọ́n sì ń rò pé mo ti di àgbà ìjọ.

Bàbá ló ṣì ń rán aṣọ fún mi. Ojú rẹ̀ kò ríran bíi tàtẹ̀yìnwá mọ́, ó ń na òwú sókè sí ìmọ́lẹ̀ kó tó fi í sí abẹ́rẹ́. Léèsì aláwọ̀ ojú ọ̀run náà wà lára ògiri lẹ́yìn rẹ̀, ó fi ọ̀rá wé e, apá kan rẹ̀ kò tíì ní ọwọ́. Kò tú u, kò sì rán an parí, mi ò sì bi í léèrè rí. Nígbà tí àsìkò ìjì bá tún dé, tí wọ́n bá ti ń sọ ọ́ lórí rédíò pé ọ̀kan ti gbéra, màá wá àyè kí n gba ọ̀dọ̀ rẹ̀ kọjá. Lọ́dún yìí náà mo dé ibẹ̀. Ó gbọ́ ẹsẹ̀ mi kó tó rí mi, ó sì pè mí ní orúkọ tí mi ò tíì tún gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ láti ọjọ́ sàráà yẹn. Ó ní, "Oníjì, ṣé kò sí nǹkan?"

Mi ò mọ̀ bóyá kíkí ló ń kí mi, tàbí ó ń béèrè. Mo mú fóònù mi jáde, mo jókòó sórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, mo sì dárúkọ gbogbo erékùṣù tó wà lábẹ́ àwọn ìlà náà fún un ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, àti ńlá àti kékeré, títí mo fi dé orí èyí tó kéré jù. Mo ní, "Èèyàn wà níbẹ̀, Bàbá."

Ó ní, "Ẹn-ẹ́n." Ó sì fi ẹsẹ̀ lé ẹ̀rọ rẹ̀.